Mọ Ẹni Tó Di Àrokò Náà

Ọmọ mi,

Ìwé tí o kọ sí mi dé. O ní wọ́n ti gbà ọ́ sí láàbù, pé sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ni ẹ ó máa ṣiṣẹ́ lé lórí, àti pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá rẹ gbé lé ọ lọ́wọ́ ni kí o máa da interferon gamma sí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, kí o sì máa wo bí wọ́n ṣe ń dáhùn. Inú mi dùn débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìwé náà sí màmá àgbà létí. Wọ́n bi mí pé kí ló ń jẹ́ interferon. Mo ní àrokò ni.

Mi ò fi ọ̀rọ̀ náà tù wọ́n nínú lásán. Láyé àwọn baba wa, kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń fi ẹnu rán. Wọ́n á so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn, nítorí pé ẹ̀fà ni, ó ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Bí onítọ̀hún bá gbà, á fi ẹyọ mẹ́jọ dáhùn, pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Owó ẹyọ méjì tó bá kọjú síra wọn lórí okùn, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé. Ẹyọ kan náà ni, okùn kan náà ni. Bí wọ́n ṣe kọjú ló yí ọ̀rọ̀ padà.

Sẹ́ẹ̀lì inú ara wa kò ní ẹnu. Èyí tó bá fẹ́ kí ẹnìkejì rẹ̀ dàgbà, tàbí kó pín sí méjì, tàbí kó gbára dì fún ogun, tàbí kó tilẹ̀ kú, á di purotéènì kékeré kan, á tú u sínú omi ara. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ní etí tó bá purotéènì náà mu á gbà á, á sì ṣe bí wọ́n ti wí. Èyí tí kò ní etí rẹ̀, àrokò náà á kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kíndìnrín tí o fẹ́ máa bá ṣiṣẹ́ yìí, òun náà ń di tirẹ̀. Bí ọ́síjìn bá dín nínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín á di èyí tí wọ́n ń pè ní erythropoietin, EPO ní kúkúrú, á fi ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn egungun pé kó pèsè ẹ̀jẹ̀ pupa kún èyí tó wà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi í tó lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹni tó yẹ kó ránṣẹ́ ti dákẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ lónìí kò pọ̀. Nínú iṣẹ́ tí o ń lọ ṣe yìí, kí o tó gba èsì sẹ́ẹ̀lì gbọ́, kọ́kọ́ mọ irú àrokò tí o fi ránṣẹ́ sí i, ẹni tó dì í, àti ọwọ́ tó ti gbà kọjá.

Ṣé o mọ bó ṣe nira tó láti rí EPO yìí mú? Ọ̀gbẹ́ni kan wà ní Yunifásítì Chicago, Eugene Goldwasser. 1955 ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ẹ̀jẹ̀ àgùntàn ló ń sẹ́ láti ọdún dé ọdún. Nígbà tó di 1975, ará Japan kan tó ń jẹ́ Takaji Miyake dé Chicago pẹ̀lú ẹrù kan tó fi aṣọ aláràbarà dì. Ìtọ̀ ló wà nínú ẹrù náà, ìtọ̀ tí omi rẹ̀ ti gbẹ. Àwọn aláìsàn tí mùdùnmúdùn egungun wọn kò gbọ́ràn mọ́ ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn, nítorí pé kíndìnrín irú àwọn bẹ́ẹ̀ ń ránṣẹ́ léraléra, kò sẹ́ni tó ń dáhùn, àrokò sì ń kún inú ìtọ̀. 2,550 lítà ni wọ́n kó jọ. Nínú gbogbo rẹ̀, nǹkan bíi mílígíráàmù 8 péré ni wọ́n rí yọ. Wọ́n kéde rẹ̀ ní 1977. Ọdún 22 gbáko, ọmọ mi, fún ohun tí kò lè kún orí èékánná. Bí mo bá rí ọmọ láàbù tó ń fi nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣòfò, ọkàn mi máa ń bàjẹ́.

Àwọn àrokò mìíràn tilẹ̀ wà nígbà náà tó jẹ́ pé ara òkú ni wọ́n ti ń yọ wọ́n. Hòmóònù ìdàgbà tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ tí kò ga, inú orí òkú ni wọ́n ti ń mú un, nínú kókó kékeré tó so mọ́ abẹ́ ọpọlọ. Ní 1985 ó hàn gbangba ní Amẹ́ríkà pé díẹ̀ nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà lọ́mọdé ti ń kú ikú àrùn ọpọlọ tó bá a wọlé láti ara òkú. Wọ́n dá a dúró. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fọwọ́ sí èyí tí bakitéríà ṣe, tí kò bá òkú kankan pàdé. Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe. Ẹni tó dì í ló yàtọ̀.

Irú èyí tí bakitéríà ṣe yẹn ni wọ́n ń pè ní recombinant, kò sì ju èyí lọ: wọ́n á mú jíìnì èèyàn tó ní àwòrán purotéènì náà lára, wọ́n á rán an mọ́ òrùka DNA kékeré kan, wọ́n á sì ki òrùka náà bọ inú alágbàṣe tí yóò máa ṣe purotéènì ọ̀hún bí ẹni ń ṣe tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí ínsúlíìnì èèyàn nínú bakitéríà ní 1978, tó sì di oògùn àtọ̀gbẹ ní Amẹ́ríkà ní 1982. Ṣùgbọ́n àwọn alágbàṣe kò rí bákan náà, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí.

Bakitéríà E. coli ni alágbàṣe tó yá jù. Bí ibi tó wà bá bá a lára mu, láàárín ogún ìṣẹ́jú ó ti di méjì. Owó rẹ̀ kò wọ́n. Àmọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ṣúgà ṣe purotéènì lọ́ṣọ̀ọ́ bí ara èèyàn ṣe ń ṣe é, ó sì máa ń kánjú. Lọ́pọ̀ ìgbà, purotéènì tó ṣe á lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn, á di kókó nínú rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn da èlùbọ́ sínú omi tí kò sì rò ó. Àwọn oníṣẹ́ á wá tú kókó náà, wọ́n á rọra jẹ́ kó ká ara rẹ̀ padà bó ṣe yẹ. Èyí tó bá ká dáadáa á ṣiṣẹ́. Èyí tí kò bá ká dáadáa, ìwọ̀n rẹ̀ pé, orúkọ rẹ̀ pé, kò sì lè sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ẹyọ tó kẹ̀yìn síra ni.

Alágbàṣe kejì ni sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú lára ẹranko kékeré kan tó jọ èkúté, hamster ilẹ̀ Ṣáínà, láti 1957. CHO ni wọ́n ń pè é. Ó lọ́ra, owó rẹ̀ sì wọ́n, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ṣe ń fi ṣúgà dì í. Nígbà tí Fu-Kuen Lin rí jíìnì EPO mú ní ilé iṣẹ́ Amgen ní 1983, sẹ́ẹ̀lì hamster yìí ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, nítorí pé nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ìwọ̀n EPO ló jẹ́ ṣúgà. Yọ ṣúgà náà kúrò, yóò ṣì bá sẹ́ẹ̀lì inú àwo sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí o bá gbé e sínú ara alààyè, ara á gbá a dànù kíákíá. Ní 1989 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti dákẹ́, ó sì ti wà lára abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún àwọn tó ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn níbí.

Interferon gamma tìrẹ kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ṣúgà. E. coli ló sábà máa ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà tirẹ̀. Méjì méjì ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan á wé mọ́ èkejì, kí etí sẹ́ẹ̀lì tó lè gbà á. Bákan náà, ti èèyàn kì í bá sẹ́ẹ̀lì èkúté sọ̀rọ̀, ti èkúté kì í sì í bá ti èèyàn sọ̀rọ̀. Àwọn purotéènì mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀; EGF èèyàn, èyí tó ń mú kí awọ ara dàgbà, sẹ́ẹ̀lì èkúté gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fún ọ ní sẹ́ẹ̀lì kan pé kí o fi dán an wò, béèrè ẹranko tó ti wá kí o tó ṣí ìgò.

Wàyí o, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Alágbàṣe tó bá ọ ṣiṣẹ́ kì í lọ láìfi ẹsẹ̀ ẹ̀ sílẹ̀. Ara E. coli ní ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní endotoxin. Bí ó ti wù kí wọ́n fọ purotéènì náà tó, ó lè ṣẹ́ kù díẹ̀. Ara wa sì mọ ọ̀rá yìí ní ọ̀tá. Bí sẹ́ẹ̀lì akogun inú ẹ̀jẹ̀ bá rí bíńtín rẹ̀, á fi ariwo ta. Ọdún mélòó kan làwọn onímọ̀ fi ń kọ̀wé pé purotéènì kan tó ń jẹ́ HSP70 máa ń ta sẹ́ẹ̀lì jí, pé ó ń mú wọn tú àrokò mìíràn tó ń jẹ́ TNF jáde. Èèyàn ńlá ni wọ́n, ìwé ìròyìn ńlá sì ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ní 2003, Gao àti Tsan ní Amẹ́ríkà mú HSP70 èèyàn tí bakitéríà ṣe, wọ́n fọ endotoxin kúrò nínú rẹ̀ dáadáa. Sẹ́ẹ̀lì kò dáhùn mọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń gbọ́ bọ̀, alágbàṣe ló ń sọ ọ́, kì í ṣe àrokò.

Mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí ìyẹn ṣẹlẹ̀ sí ọ. Wo ìwé ẹ̀rí tó bá ìgò náà wá, ka iye endotoxin tí wọ́n kọ síbẹ̀. Pín purotéènì náà sí méjì, se apá kan títí yóò fi bàjẹ́, kí o sì da ohun tí o sè náà sí sẹ́ẹ̀lì lọ́tọ̀. Endotoxin máa ń fara da iná ju purotéènì lọ, nítorí náà bí èyí tí o sè bá ṣì ń mú sẹ́ẹ̀lì dáhùn, ara fu. Ṣùgbọ́n má fi ìyẹn nìkan gbára lé, torí pé iná lè dín agbára endotoxin náà kù bí kò bá pọ̀. Wá sójà ara, antibody, tó ń di purotéènì náà lẹ́nu. Bí o bá fi í sí i tí sẹ́ẹ̀lì dákẹ́, á jẹ́ pé purotéènì ló ń sọ̀rọ̀. Fi endotoxin lásán sí àwo mìíràn. Sì fi omi tí o fi pò purotéènì náà, láìsí purotéènì nínú rẹ̀, sí àwo kan. Àwo márùn-ún dípò ẹyọ kan. Owó ni, àkókò ni, mo mọ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mi ò tíì tó ọ lọ́jọ́ orí nígbà náà. Ìgò kan dé fún wa láti òkè òkun, kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé máíkírógíráàmù 50. Mo gbé e sókè sí ojú fèrèsé, mi ò rí nǹkan kan. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Ó ṣófo. Mo ní wọ́n ti rẹ́ wa jẹ. Mo fi àtàǹpàkò ta ìdérí rẹ̀, ó fò, ó bọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá mi tí wọ́n dúró lẹ́yìn mi kò pariwo. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n he ìdérí náà, wọ́n yí inú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n sì fi hàn mí. Nǹkan funfun kan wà níbẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí èémí tó gbẹ sára díńgí. Owó iṣẹ́ oṣù púpọ̀ nìyẹn nílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Wọ́n ti fi òtútù gbẹ ẹ́ kí ó lè rìn jìnnà, bí o bá sì kó gbogbo rẹ̀ jọ kò ní tó hóró ṣúgà kan. Ó lè wà lára ògiri ìgò, ó lè wà lábẹ́ ìdérí. Nítorí náà, kí o tó ṣí i, fi í sínú ẹ̀rọ tó ń yí fìrìfìrì fún ìṣẹ́jú kan, kí gbogbo rẹ̀ lè wálẹ̀ sí ìdí. Lẹ́yìn náà ni kí o rọra fi omi tó mọ́ sí i. Má gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń gbọn oògùn ikọ́ ọmọdé. Ìfóófòó máa ń ba purotéènì jẹ́. Bí kò bá pọ̀ nínú omi, á lẹ̀ mọ́ ike, ohun tí o rò pé o dà sí sẹ́ẹ̀lì kò sì ní dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì. Fi albumin díẹ̀ sí i, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, kí òun lẹ̀ mọ́ ike náà dípò rẹ̀. Pín in sí ike kéékèèké, ìwọ̀n tí o máa lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tí o bá ti yọ́, má dá a padà sínú yìnyín.

Ti yìnyín ló dùn mí jù. Ọdún kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìdérí, iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, dísù sì tán nínú jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí iná dé, gbogbo ohun tó wà nínú fìrísà tún dì, ó le bí òkúta, ojú kò sì lè mọ̀ pé ó ti yọ́ rí. Ẹni tó mọ̀ kò sọ fún wa, àwa náà kò béèrè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi da purotéènì tó ti kú sí sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè. Mo kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ mi pé: «Sẹ́ẹ̀lì kò dáhùn.» Mo ti ń múra láti fi sọ̀rọ̀ níwájú àwọn èèyàn. Ọ̀gá mi ka ojú ìwé náà, wọ́n bi mí pé, «Sẹ́ẹ̀lì wo ni o mọ̀ dájú pé ó máa ń dáhùn sí purotéènì yìí?» Mo ní ó wà. Wọ́n ní, «Ṣé o bi òun náà?» Mi ò bi í. A da purotéènì náà sí i ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Kò dáhùn. Mo ṣì ní ìwé náà lọ́wọ́. Mo fa igi pupa sí orí gbólóhùn yẹn, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: «Mi ò tíì bi í.»

Àwọn àgbà ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìránṣẹ́ tó lọ́gbọ́n lè tún ọ̀rọ̀ tí kò dára ṣe lójú ọ̀nà. Purotéènì kò ní irú ọgbọ́n yẹn. Bí ó bá yọ́, yíyọ́ náà ni yóò jẹ́. Bí ìdọ̀tí bá lẹ̀ mọ́ ọn, tòun tìdọ̀tí ni yóò wọlé. Ọgbọ́n náà, ọ̀dọ̀ ìwọ tí o di pípẹ́ẹ̀tì mú ló yẹ kó wà.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn fún ọ jù fún ẹlòmíràn ni ohun tí ẹ ń wá. Jíìnì kan wà tó ń jẹ́ APOL1. Àwọn baba ńlá wa ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní oríṣi méjì kan lára rẹ̀ tó lè gbèjà ara lọ́wọ́ kòkòrò àrùn oorun. Ní 2010 ni wọ́n rí i pé ẹni tó bá jogún oríṣi yìí lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ewu àrùn kíndìnrín pọ̀ fún un. Ní 2024, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí èèyàn tó lé ní 8,000 ní Nàìjíríà àti Gánà: nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́wàá wọn ló jogún un lápá méjèèjì. Àwọn tiwa ni. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jogún un ń bẹ tí kíndìnrín wọn kò ní ṣe nǹkan kan títí ọjọ́ alẹ́. Kí ló wá ń jí i nínú àwọn yòókù? Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n mọ̀ pé ó ń ta APOL1 jí nínú sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ni interferon. Ní 2015, wọ́n ròyìn àwọn aláìsàn kan tí wọ́n fi interferon tọ́jú, tí kíndìnrín wọn sì dàrú. Gbogbo wọn ló jogún oríṣi náà lápá méjèèjì.

Interferon ló sì wà nínú ìgò tìrẹ náà. Bí o bá kọ ọ́ pé interferon ló jí jíìnì náà, tó sì jẹ́ pé ìdọ̀tí bakitéríà ló jí i, ẹnì kan á gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́, á sì fi ọdún márùn-ún wá oògùn sí ibi tí kò sí. Bí o bá kọ ọ́ pé kò jí i, tó sì jẹ́ pé fìrísà yín ló yọ́, ilẹ̀kùn tó yẹ kó ṣí á wà ní títì. Àti pé, èyí gbọdọ̀ ṣe kedere sí ọ: ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé fún ìwádìí nìkan, fún ìwádìí nìkan ni. Bí ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí kan bá wá bá ọ pé kí o bá òun mú díẹ̀ fún abẹ́rẹ́ ara, ìbáà ṣe èmi, sọ pé rárá.

Ǹjẹ́ o mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì àwọn ará Ìbàdàn ti ń gbé nínú yìnyín ní New Jersey, l'Amẹ́ríkà, láti ìgbà iṣẹ́ ìwádìí jíìnì tí wọ́n ń pè ní HapMap? 90 èèyàn ni, bàbá, ìyá àti ọmọ, ọgbọ̀n ìdílé Yorùbá, tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀ kí ayé lè mọ jíìnì wa. Láàbù káàkiri àgbáyé ń rà wọ́n, wọ́n sì ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Ó wù mí kí ìwọ náà wà lára àwọn tó ń béèrè, kí o sì béèrè dáadáa.

O ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìgò àkọ́kọ́ yóò dé. Bí ó bá dé, wo yìnyín inú páálí rẹ̀ kí o mọ̀ bóyá ó ṣì kù. Kọ nọ́ńbà tó wà lára ìgò náà sínú ìwé rẹ, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Bi ẹni tó ń tọ́jú fìrísà yín léèrè bóyá iná lọ nínú oṣù yìí. Lẹ́yìn náà, má tíì ṣí i. Pè mí, ká jọ ka ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lórí fóònù.